Amọ̀ Ìkòkò Tí Wọ́n Fi Mọ Ṣọ́ọ̀ṣì Ìmọ̀jọ̀

Nígbà tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Ìmọ̀jọ̀, Bàbá Jòsáyà ni olórí àwọn mẹ́tàdínlógún tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi. Òun ni wọ́n fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mọ ọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni ògiri wó. Baálẹ̀ ní bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá wó, òun yóò gba ilẹ̀ òun padà. Àwọn ará ìlú kò tilẹ̀ dúró dìgbà náà. Wọ́n ní orí Jòsáyà ti dàrú.

Wíwó ògiri náà ya Jòsáyà fúnra rẹ̀ lẹ́nu, torí pé amọ̀ etí odò tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò ló ń lò. Kò sí amọ̀ tó dán tó o. Ó ní ilé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń mọ ilé ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń po amọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Abíọ́nà amọ̀kòkò ń kọjá lọ. Olórìṣà ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu amọ̀ náà, ó fi ìka méjì ra á.

"Jòsáyà, ìkòkò lo fẹ́ mọ ni?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, Ìyá."

"Bí mo bá mọ ìkòkò tán, mo máa ń sun ún níná. Tìrẹ yìí, ta ni yóò bá ọ sun ún?"

Àwọn tó ń po amọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Fílípì, àbúrò Jòsáyà, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé abọ̀rìṣà ni yóò kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ ilé Olúwa?"

Ìyá náà ni Jòsáyà kọjú sí. "Kí ló ń ṣe amọ̀ náà, Ìyá? Ẹ là mí lọ́yẹ̀."

"Amọ̀ tó dán báyìí, bó ti ń gbẹ ló ń sún kì. Bó bá sún kì, ògiri á lanu, òjò á sì gbabẹ̀ wọlé. Lọ gbẹ́ ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́, kí o gé koríko gbígbẹ sí i."

Jòsáyà wo amọ̀ tí wọ́n ti ń pò láti àárọ̀. Ó ní kí wọ́n kó o dànù. Fílípì bínú lọ sílé, àwọn yòókù sì fi ilẹ̀ pupa olókùúta àti koríko gbígbẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Òjò ọdún náà rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dá, gbogbo ìlú jáde wá wo ìwólulẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí ìdúró. Baálẹ̀ yí i po, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri.

"Jòsáyà, ọgbọ́n wo lo dá?"

"Baálẹ̀, tèmi ti wó lẹ́ẹ̀mejì. Ti Ìyá Abíọ́nà ló dúró yìí."

Baálẹ̀ kọjú sí àwọn tó wá wo aṣiwèrè, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó fi lé wọn lọ lọ́jọ́ náà ló di òwe tí à ń pa títí dòní: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.