Bí Adégbènró Ṣe Tẹ Àsùnmáfòyà Dó

Ẹ̀yin ọmọ Àsùnmáfòyà, ọmọ a-tẹ́ní-sẹ́nu-ọ̀nà, ọmọ a-fapá-dúdú-gbàlejò, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe dé ibi tí ẹ wà. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí baba rẹ̀ gbà wá, bí ilẹ̀ bá ṣú u, ilé onílé ni yóò máa wọ̀.

Adégbènró ni orúkọ baba ńlá yín. Ọmọ ọba Òkè-Ìyeyè ni, ìran ẹlẹ́ṣin, ìran a-jókòó-sórí-òkè-ránṣẹ́-sísàlẹ̀. Nígbà tí baba rẹ̀ wàjà, àbúrò rẹ̀ ni àwọn afọbajẹ gbé adé lé lórí. Kò bá wọn jà, kò sì ṣépè. Àmọ́ ẹ mọ bí ààfin ti rí. Ẹni tí adé bá fò dá, ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Bí Adégbènró bá wúkọ́, wọ́n á ní ó ń ránṣẹ́ sí ọlọ̀tẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbèrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró aya rẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, sọ fún un pé, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀ wá pé ká dúró."

Ìlúpéjọ ni wọ́n fẹ́ lọ, ìlú ńlá tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ìyeyè kì í ṣí lọ láì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Olójú-Odò, arúgbó tó ń tọ́jú ìsun omi ìlú. Adégbènró kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá náà ti ọwọ́ bọ omi, ó yọ ọ́, ó sì dúró títí ojú omi fi tòrò. Ó ní:

"Adégbènró, ìlú tó tóbi kì í ṣe ìlú kan.
Ibì kan ń bẹ níbẹ̀ tí yóò jẹ ọ́ tán,
ibì kan ń bẹ tí yóò jẹ́ kí o sunkún,
ibì kan ń bẹ tí yóò jẹ́ tìrẹ.
Má wo ògiri, má wo òrùlé.
Jókòó, kí o wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọmọ tí kì í ṣe tiwọn."

Adégbènró dúpẹ́, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ká má parọ́, kò ro ọ̀rọ̀ náà lọ títí. Ọmọ ọba ni. Ṣaworo ẹṣin ṣì ń dún létí rẹ̀.

Wọ́n gbéra, òun àti Àwẹ̀ró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, àti Abídèmí ọmọbìnrin wọn, tó ti tó ẹni tí í ru ìkòkò omi. Ẹṣin kan ló kù sí wọn lọ́wọ́, òun ló ru ẹrù wọn. Nígbà tí wọ́n wọ Ìlúpéjọ, Adégbènró kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó darí ẹṣin sí ẹ̀bá ààfin, sí Ìta-Ọlá, níbi tí wọ́n ti ń pa ògiri títí yóò fi máa dán, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń rìn tọ̀sán-tòru. Ó ní ọmọ ọba kì í gbé àkìtàn.

Ìta-Ọlá kò léwu. Èyí jẹ́ òtítọ́, a ò ní fi wọ́n bú. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí àlejò kò ní gbé àgbò wá fún onílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń retí ẹ̀bùn tiwọn. Ẹni tó wá kí ọ pé o kú oríire ilé tuntun, òun náà kò níí lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹṣin ló kọ́kọ́ lọ. Iyùn ọrùn Adégbènró tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni òfì tí Àwẹ̀ró fi ń hunṣọ. Nígbà tí ọdún òrìṣà mìíràn tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Adégbènró bá aya rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ kan ṣoṣo tó kù nínú àpótí.

Ó ní, "Ìyẹn ńkọ́?"

Àwẹ̀ró ní, "Ti ọmọ inú ni. Bí a bá gbé e fún wọn, kí la ó fi gba ọmọ?"

Adégbènró kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tó ń ṣe fújà ti wá, pé ó ń gbé Ìta-Ọlá, ebi ń gbé inú rẹ̀.

Wọ́n kó jáde. Ẹ̀yìn-Odi ni wọ́n lọ, ìta odi ìlú, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló nilẹ̀. Inú Adégbènró dùn. Ó kọ́lé, ó kọ ebè, iṣu sì hù bí ẹni pé wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Àwẹ̀ró ló ṣàkíyèsí pé nígbà tí adìyẹ ṣì ń tanlẹ̀ jẹ, àwọn ará ibẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Baba Abídèmí, láti ìgbà tí a ti dé, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ kí ẹnìkan pe orúkọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀?"

Adégbènró fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ dúdú náà, ó ní, "Ìwọ sáà wo ilẹ̀ yìí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Abídèmí lọ pọnmi. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti lúgọ sí etí odò. Bí wọ́n ṣe gbá a mú, ó figbe ta. Ilé pọ̀ nítòsí odò yẹn. Ọmọ náà sọ ọ́ títí ó fi darúgbó pé ohun tí òun gbọ́ lẹ́yìn igbe òun ni ìró igi ìdábùú tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, láti ilé dé ilé. Baba rẹ̀ ló gbọ́ láti inú oko. Ó sáré wá tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́, ó dojú kọ wọ́n, wọ́n fi àdá ṣá a lápá, ṣùgbọ́n kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n fi sá.

Bó ṣe ń mú un bọ̀ wálé, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, ọkùnrin kan ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú oríire o. Kì í ṣe pé a ò gbọ́."

Adégbènró dúró. "Ẹ gbọ́?"

"A gbọ́." Ọkùnrin náà sì rọra pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe odò yẹn ní Mádàálọ, nítorí ẹni kan kì í dá lọ síbẹ̀.

Adégbènró jókòó sórí ilẹ̀ dúdú rẹ̀ tó dára, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe ọgbẹ́ ló ń dùn ún. Ìgbà náà ni ohùn Ìyá Olójú-Odò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Àwẹ̀ró ti di ẹrù.

Wọ́n tún gba ẹnu bodè wọlé. Ọ̀sán ti pọ́n, oyún ti wúwo. Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn ọjà, Àwẹ̀ró ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́. Ibi tí àwọn aláró ń rẹṣọ nìyẹn. Ahéré bíi mélòó kan ló wà níbẹ̀ láàrin ìkòkò aró, kò tilẹ̀ ní orúkọ. Àwọn ará ìlú a máa bo imú bí wọ́n bá ń kọjá, nítorí òórùn aró kì í ṣe òórùn tí à ń fà símú. Bí kì í bá ṣe ti Àwẹ̀ró, baba yín ìbá ti kọjá.

Obìnrin kan sùn sórí ẹní lábẹ́ igi ọdán, ní ọ̀sán gangan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń rá lọ sí ìdí ìkòkò aró. Adégbènró fẹ́ kígbe. Kó tó yanu, obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ tutù ti fi ìgúnpá méjèèjì ká ọmọ náà nílẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn, ìyẹn pọ̀n ọ́n díẹ̀, ó sọ ọ́, ó gbé e fún bàbá arúgbó tó ń jó eérú aró, bàbá náà fi irùngbọ̀n rin ín ní ikùn. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò mira.

Adégbènró jókòó. Ó wò wọ́n pẹ́.

Olórí àwọn aláró sún mọ́ wọn, Ojúọlápé lorúkọ rẹ̀, àgbà obìnrin tí apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ta ni ẹ ń wá?"

"Ibi tí a ó gbé là ń wá, ìyá."

"Ibí ń rùn o."

"Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀."

"Ilẹ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba."

"Mo rí i." Adégbènró nawọ́ sí abẹ́ igi. "Ìyá ọmọ yẹn, ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

Ojúọlápé rẹ́rìn-ín. "Ara rẹ̀ yá ṣáṣá. Ọmọ kò jẹ́ kó fojú kan oorun lánàá, la bá ní kó sùn." Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó tutù, ó wo Adégbènró, àlejò tí kò mọ̀ rí, tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ lápá. Ó ní, "Ẹ bá wa gbé e ná."

Adégbènró fi apá tó dá ṣáká gba ọmọ náà. Ó yíjú láti sọ̀rọ̀ fún aya rẹ̀. Àwẹ̀ró ti sọ ẹrù kalẹ̀ tipẹ́.

Ó bi Ojúọlápé pé kí ni àwọn yóò máa fún onílẹ̀. Ojúọlápé ní, "Bí ìkòkò bá fọ́, ẹ bá wa mọ òmíràn. Bí ọmọ bá ń ké, ẹ gbé e. Èwo ló tún kù?"

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin sí, wọ́n sọ ọ́ ní Ilésanmí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìkómọ, Adégbènró bá Àwẹ̀ró tó sùn fọnfọn sẹ́nu ọ̀nà, tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọmọ sì wà nílé ẹlòmíràn. Ó dúró tì í, ó ní, "Àṣé èèyàn lè sùn báyìí, kó má fòyà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi sọ àdúgbò lórúkọ. Òun náà ló kọ́ni láti máa kọ́lé kí ẹnu ọ̀nà kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun kò rí i. Àwọn mìíràn tí ìlú ńlá ti jẹ tán bẹ̀rẹ̀ sí í wá, Adégbènró sì di Baálẹ̀ wọn.

Ilésanmí ti ń sáré, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn ìjòyè Òkè-Ìyeyè dé. Àbúrò Adégbènró ti wàjà, adé sì ń wá a. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti bá a, apá rẹ̀ dúdú, ọmọ aládùúgbò kan gun ọrùn rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, omi sì bọ́ lójú ẹlòmíràn nínú wọn. Adégbènró wo Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní, "Ibi tí ẹ bá forí lé ni mo forí lé. Ilésanmí ló sùn nílé Ojúọlápé. Ẹ jẹ́ kó jí ná."

Wọ́n jọ dúró de ọmọ. Adé wà nínú àpótí tí àwọn ìjòyè gbé wá, ọkàn Adégbènró sì ń fà á, nítorí ohun baba ẹni kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ojú. Ó ń bọ̀ láti ìkángun àdúgbò, òun nìkan, bó sì ti ń dé iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ló ń pe onílé lórúkọ, onílé ń jẹ́ ẹ, títí ó fi dé ẹsẹ̀ baba rẹ̀.

Adégbènró gbé e. Ó sọ fún àwọn ìjòyè náà pé, "Ẹ padà, kí ẹ fi adé náà fún ọmọ àbúrò mi. Ẹ ní adé kò burú. Orí tèmi ló ti rí ibi sùn."

Ìdí nìyẹn tí Baálẹ̀ Àsùnmáfòyà kì í fi í dé adé títí di òní. Fìlà aró ló ń dé. Ọjọ́ tí a bá sì fi Baálẹ̀ tuntun jẹ, a kì í yìnbọn. Bí oòrùn bá ti kanrí, àwọn abiyamọ yóò kó ọmọ wọn fún un, wọn yóò tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde ràn án lọ́wọ́ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀.

Baálẹ̀ tó wà lórí oyè báyìí, ọ̀gá ṣọ́jà ni tẹ́lẹ̀, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù irunmú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìwúyè rẹ̀, ọmọ kan tọ̀ sí i lára agbádá tuntun, ó sì fi igbe bọnu. Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo obìnrin di ojú pinpin, èjìká àwọn mìíràn ń gbọ̀n lábẹ́ ìborùn. Ló bá fi apá agbádá nu ọmọ náà gbẹ, ó gbé e lé èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tín-ín-rín kan tí a kò mọ̀ mọ́ ọn rí kọrin fún un, títí igbe fi di èémí, tí èémí fi di oorun.

Láti orí ẹní rẹ̀, láì la ojú, olórí àwọn aláró ní, "Oyè á mọ́rí o, Baálẹ̀."