Ìkòkò Tí Wọ́n Gé Kúrú

Ọkùnrin kan wà tó jogún iṣẹ́ ọṣẹ dúdú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ obìnrin ló ń ṣe. Òun náà a rẹ́rìn-ín, a ní ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ òun ní kékeré kò béèrè bóyá ọkùnrin lòun.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ogún náà ni ajere kan, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí. Wọ́n á ki eérú èèpo kòkó sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á wá máa bu omi sórí eérú náà. Omi á la eérú kọjá, á máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, á sì pupa bíi tíì. Omi pupa yìí ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Bí omi kò bá kán, kò sí ọṣẹ.

Ìkòkò ìyá rẹ̀ tóbi. Igbá ńlá ni ìyá náà fi ń bu omi sí i. A dà á gbàà, a sì yíjú sí iṣẹ́ mìíràn. Bí ọmọ ṣe rí i lọ́wọ́ ìyá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ṣe é.

Ó wá di ọdún kan, etí ìkòkò náà sán. Ibi tó sán ń rìn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá amọ̀kòkò. Ìyá náà yí i po, ó fi èékánná tọ ojú ibi tó sán náà, ó ní, "Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, yóò là dé ìdí. Jẹ́ kí n gé e."

"Ẹ gé e kẹ̀? Ìkòkò ìyá mi?"

"Èwo lo fẹ́, ìkòkò kúrú ni àbí àpáàdì?"

Ọkùnrin náà ní kó máa gé e lọ. Ìyá amọ̀kòkò rẹ́ apá òkè ìkòkò náà kúrò, ó fi òkúta ra etí rẹ̀ títí ó fi dán. Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó ìdajì. Bó ṣe ń gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ó ti yè o. Ṣùgbọ́n máa kọ́ ìwà rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń kọ́ ìwà àlejò. Kì í ṣe èyí tí o mọ̀ mọ́."

Ọkùnrin náà gbọ́ "ó ti yè." Kò gbọ́ ìyókù.

Ó délé, ó ki eérú, ó bu omi kún igbá ńlá, ó dà á gbàà. Omi ru eérú sókè, ó kún bo etí ìkòkò, ó sì gbé ẹrẹ̀ wọ inú ìkòkò ìsàlẹ̀. Ọṣẹ tó fi sè kò dì. Ó ń yọ̀ nínú agbada bí ògì tí omi pọ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀ yọjú wò ó.

"Baálé mi, ṣé kí n bu ṣúgà sí i ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba ọkùnrin náà. Ó rò pé ìkòkò kò lè gba omi mọ́. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a wò ó, a tún kọjá. Eérú inú rẹ̀ gbẹ, ó le, ó sì là káàkiri. Nígbà tó tún gbójúgbóyà bu omi sí i, omi náà kò wọ eérú rárá. Ó gba ibi tó là sá jáde, bó ṣe funfun wọlé náà ló funfun bọ́ sílẹ̀, kò mú agbára kankan dání.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bí kò bá lè sẹ́ omi eérú mọ́, gbé e fún adìẹ mi. Ó ń wá ibi tí yóò yé sí."

"Adìẹ kankan kò ní yé sínú ìkòkò ìyá mi."

"Ó dáa. Bu omi sí i nígbà náà. Ìkòkò tó ń bẹ̀rù omi, ti adìẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó fa àpótí, ó jókòó ti ìkòkò náà. Ibẹ̀ ló ti wá sí i lọ́kàn pé láti ìgbà tí òun ti ń da omi sínú ìkòkò yìí, òun kò jókòó wo ibi tí omi náà ń gbà rí.

Ó tú eérú náà, ó tún un kì. Ìkarahun ìgbín kan wà lẹ́bàá ògiri. Ó fi bu omi, ó rọra dà á sí àárín eérú. Omi náà dúró síbẹ̀, ó ń dán, bíi pé òun náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó rì. Ọkùnrin náà gbé etí ti ìkòkò ìsàlẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bu ìkarahun mìíràn, ó tún dúró.

Tó.

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Dákẹ́, ìyàwó. Ó ń sọ̀rọ̀."

Ó wá di ẹni tó ń tọpinpin. Bí òun bá bu òmíràn kí èyí tó kọ́kọ́ dà tó rì ńkọ́? Omi gòkè wá sí etí, ọkùnrin náà yára dáwọ́ dúró. Bí òun bá pẹ́ jù ńkọ́? Ojú eérú bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó bu omi àmù tó tutù, ó ń wọlé tìkọ̀tìkọ̀. Ó bu èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wọlé bí ọmọ ilé. Ó rí i pé ìkòkò náà ń lọ́ra láàárọ̀, ara rẹ̀ sì ń yá tó bá di ọ̀sán. Kò sí èyí tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ kò mọ ìkòkò kúrú.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wá gbé ìkòkò ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀ nítorí pé ó wúwo. Omi inú rẹ̀ pupa bí ti ayé ìyá wọn.

"Ìkarahun yìí náà ló bu gbogbo èyí?"

Ọṣẹ náà dì.

Àwẹ̀ró, ọmọ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Àwọn dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ, wọ́n gé àpò oúnjẹ inú rẹ kúrú kí àìsàn má baà là ọ́ dé ìdí. Ó ti yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tí àgbà bá bu omi fún a mu ún tán kó tó dá ife padà. Ohun tí o ṣe nìyẹn nígbà tí àǹtí rẹ gbé omi fún ọ tó sì dúró tì ọ́. Omi náà há ọ láyà, o di àyà mú, o sunkún. Láti ìgbà náà, ife wà lórí tábìlì, o sì ń wò ó bí ọkùnrin yẹn ṣe ń wo ìkòkò rẹ̀. Ètè rẹ ti ń bó. Dókítà sì ti sọ fún wa pé bí omi kò bá wọlé, ọsibítù ni wọn yóò dá ọ padà sí, kí wọ́n máa fa omi sí ọ lára.

Má fi agídí mu ún, má sì fi ẹ̀rù sá fún un. Tọpinpin rẹ̀. Jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ nà. Fi omi kan ẹnu, rọra gbé e mì, kí o sì dákẹ́ gbọ́ ibi tó ń gbà. Ṣé tútù ni inú rẹ fẹ́ ni, àbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́? Ṣé àárọ̀ ló le ni, àbí ọ̀sán? Èmi kò mọ̀. Èmi tí mo bí ọ kò mọ inú yìí, ìwọ náà kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Bí àyà bá fún ọ, dúró. Bó bá tú, bu òmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o mu ún tán, ní kó wá bá mi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, rán mi létí ìkòkò.

Mo ti gbé ife ńlá yẹn kúrò. Èyí tó kéré tí wọ́n fi ń wọn oògùn ọmọdé ni mo gbé síbẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí kan. Bí o bá ti mu díẹ̀, tó sì wọlé, fi ṣíbí náà lu etí ife lẹ́ẹ̀kan: tó. Mo wà lẹ́yìn ògiri. Mò ń gbọ́.