Ìkúnlẹ̀ Ọjọ́ Kẹta

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí ẹbí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú agboolé, òun ló ń parí rẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kì í gbójú fò, ìyẹn ni ìkíni. Ẹni tó bá kéré sí i kò gbọdọ̀ wà lórí ìjókòó kí i.

Àbúrò rẹ̀ ní ìyàwó. Ọdún kejìdínlógójì rèé tí obìnrin náà ti wọ agboolé wọn, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ "Ìyàwó" ni wọ́n ṣì ń pè é. Oríkèé ìgbáròkó rẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń tiro. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí ó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ọsibítù ìjọba tó wà ní agbègbè wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ oríkèé fún èèyàn, wọ́n sì ń dá aláìsàn padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Àárọ̀ ni wọ́n gbé obìnrin náà wọlé. Wọ́n fi oríkèé irin rọ́pò èyí tó bàjẹ́, wọ́n mú un rìn yí wọ́ọ̀dù ká lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ní kó máa lọ. Iṣẹ́ náà dára. Nọ́ọ̀sì wá pe ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fún oṣù mẹ́ta, wọn ò gbọdọ̀ lóṣòó, wọn ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí. Ilé yín ni wọ́ọ̀dù báyìí o. Lọ́dọ̀ tiwa, géètì wà, a lè dá àlejò padà. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ lè dá padà?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ó lẹ ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n fún un mọ́ ògiri pálọ̀. Àwọn ará agboolé ń wá kí wọn.

"Àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ dé! Táyà gan-an kì í tètè kúrò lọ́dọ̀ fọkanáísà báyẹn," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, obìnrin náà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ká ní ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, wọn ìbá kà á sí aláìsàn. Nítorí pé ó tètè dé, wọ́n rò pé ohun kékeré ló ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, olórí ẹbí wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá wa," ni obìnrin náà wí láti orí àga. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀."

Ọkùnrin náà gbójú kúrò lára rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń wò.

"Bàbá, ó wà nínú ìwé," ni ọmọbìnrin náà wí. "Òun rèé, ẹ wò ó."

"Ṣé orúnkún ni wọ́n pààrọ̀ ni? Mo ṣe bí ìgbáròkó ni," ni ọkùnrin náà wí.

Kò pàṣẹ. Ó kàn dúró síbẹ̀, kò wọlé, kò sì lọ.

Ọdún méjìdínlógójì kì í ṣe ọjọ́ kan. Obìnrin náà gbá irin tó fi ń rìn mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó sì fi orúnkún kan ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ lábẹ́ aṣọ. Kò pariwo. Ó kọ́kọ́ parí ìkíni rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Nígbà náà ni ọkùnrin náà tó dáhùn. "Káàárọ̀, Ìyàwó. Ó tó. Dìde."

Kò lè dìde.

Oríkèé tuntun náà ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀. Wọ́n gbé e padà sí ọsibítù, wọ́n tún là á, ojú ọgbẹ́ sì kẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Oṣù méjì ló lò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kúrú ju tòsì lọ. Kò kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́, igbó sì ti bo oko ẹ̀gẹ́ náà.

Olórí ẹbí ṣì ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Láti ìta ló ti máa ń ké pé, "Jókòó, Ìyàwó! Má dìde o!"

Obìnrin náà a sì dáhùn láti inú ilé pé, "Mo jókòó, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ tí olórí ẹbí ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n nílò rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta yẹn.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, o ní àbúrò rẹ ti ti ọsibítù dé láti ìjẹrin, kò tíì wá dọ̀bálẹ̀ kí ọ. O ní kí n bá ọ bá a wí. Ìwọ ni mò ń bá wí. Ẹni tó kéré kò ní agbára láti sọ pé òun kò ní dọ̀bálẹ̀. Àgbà nìkan ló lè sọ ọ́ fún un. Dìde, kí o lọ sílé rẹ̀. Láti ojú ọ̀nà ni kí o ti ké sí i pé kó jókòó. Ké e sókè, kó lè gbọ́ ohùn rẹ kó tó rí ọ. Bó bá kọ́kọ́ rí ọ, yóò ti máa dìde.