Èébì Àbùùbùtán Nínú Ife Ògógóró

Olóyè Akíntìmẹ́yìn gbẹ́sẹ̀ lé èébì àbùùbùtán olówó iyebíye, ohun bí ìda tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fínńdà, tí Tẹ́mídìre, opó tó ń pọn ògógóró, rí létíkun. Ó ní ìda àbẹ́là tí wọ́n jí nílé òun ni, ọlọ́pàá sì ti dúró láti mú obìnrin náà lọ. Tẹ́mídìre kúnlẹ̀. "Bàbá, ṣé ìda ni lóòótọ́?" "Mo búra!" ni olóyè wí. Tẹ́mídìre bu ògógóró líle sínú ife méjì, ó gbé wọn sínú omi gbígbóná, ó ju èérún àbẹ́là sí ọ̀kan, ó ju èérún ohun tó rí sí ìkejì. Àbẹ́là yọ́, ó léfòó bí epo. Èkejì kò mira. Tẹ́mídìre rọra ń rò ó. Nígbà tó yá, èkejì yìí yòrò mọ́ ọtí pátápátá. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ni Tẹ́mídìre wí. "Ìda kì í yòrò mọ́ ọtí. Ẹ jẹ́ ká bá yín wá ìda yín níbòmíràn."