Ìjàpá Òkun Tí Ajímúdà Gbà Lọ́wọ́ Àbúrò Rẹ̀

Ọmọ bàbá kan náà ni Ajímúdà àti Ikúẹ̀sàn, ìyá ló yà wọ́n. Apẹja ni àwọn méjèèjì ní abúlé kan létí òkun. Ajímúdà ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí àbúrò bá kan ọkọ̀ tuntun, inú ẹ̀gbọ́n á bàjẹ́. Bí àbúrò bá bímọ, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n. Ìlara kì í kúkú ṣe ibà, a kò rí àgúnmu rẹ̀ rà.

Ní abúlé yìí, onílé a máa gún ọ̀pá sílẹ̀ fún ìjàpá òkun tó bá gòkè wá síwájú ilé rẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ ẹyin tó bá yé síbẹ̀. Ẹni tí ìjàpá rẹ̀ bá yé jù ni yóò máa kọ́kọ́ da àwọ̀n sí ẹnu ọ̀sà lọ́dún náà, ibẹ̀ sì lẹja wà. Ẹ̀gbọ́n lè ní kí àbúrò bá òun pààrọ̀ ọ̀pá, kí ìjàpá ọ̀kan di ti èkejì, àbúrò kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni yí ìjàpá dà kó wo ikùn rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ẹnu ọ̀sà fi jẹ́ ti Ikúẹ̀sàn. Lọ́dún kẹrin, ìjàpá kékeré kan tí ìkarahun rẹ̀ ti sán ló wá síwájú ilé Ajímúdà. Ó yọjú wo ti àbúrò rẹ̀, ó rí ìjàpá ńlá kan tó rí rìbìtì, tó rọra ń wọ́ ara rẹ̀ bọ̀.

"Kí lèmi ṣẹ̀ gan-an?" ló bi Ọmọ́tádé, ìyàwó rẹ̀. "Gbogbo ohun tó dáa, iwájú ilé Ikúẹ̀sàn ló mọ̀."

"Bàbá Ẹniọlá, ẹ fi ti ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Tiwa ti ń gbẹ́ ilẹ̀."

Ajímúdà ti kọrí sílé àbúrò, ó ní kí ó bá òun pààrọ̀ ọ̀pá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ óò gbà á," ni Ikúẹ̀sàn wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lèyí ti gòkè, kò yé ẹyọ kan. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí."

"Ẹyin ló wúwo nínú rẹ̀. Ṣé èmi lo fẹ́ fọgbọ́n tàn? Fa ọ̀pá rẹ tu."

Wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìjàpá kékeré náà ti bo ọgọ́fà ẹyin mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ajímúdà, nídìí ọ̀pá Ikúẹ̀sàn. Ìjàpá ńlá ti kú sórí iyanrìn. Òkú kò ní èèwọ̀, wọ́n bá là á. Kò sí ẹyin kankan níkùn rẹ̀. Omi ló kún un, aràn sì lọ́ mọ́ ìfun rẹ̀ bí okùn àwọ̀n.

Ọmọ́tádé ní: "Gbogbo ìjàpá òkun ló danú délẹ̀, ta ló wá mọ èyí tí inú ń run?"

Oṣù méjì gbáko ni Ajímúdà fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ń lé ajá kúrò lórí ẹyin àbúrò rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá gbé ọ̀rọ̀ Ọmọ́tádé gòkè odò, dé ìlú tí wọn ò ti mọ ìjàpá òkun. Àwọn ará ibẹ̀ wo ara ògiri wọn, wọ́n fi èyí tí wọ́n mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe títí dòní pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.