Àkàrà Tí Ìjàpá Jẹ Lórúkọ Ajá

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ohùn yín ò délẹ̀. Ṣé oorun ti ń kùn yín ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi rìn gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́, ó yọ lẹ́yìn àdògán, kò bá ẹnìkankan níbẹ̀ bí kò ṣe Ìjàpá, Màmá Àwẹ̀ró àti ajá rẹ̀ kékeré.

Ní ìgbà kan rí, ìyá àgbà kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Kò lẹ́nì kan nínú ilé ju ajá kékeré kan lọ, Bópẹ́bóyá lorúkọ tó sọ ọ́. Bí àlejò bá ń bọ̀, Bópẹ́bóyá á gbó. Bí ejò bá yọ, Bópẹ́bóyá á gbó. Òun ni ojú tí màmá yìí fi ń ríran.

Ṣùgbọ́n wàdùwàdù rẹ̀ pọ̀. Ó ń lé adìẹ kiri. Ó ń fò mọ́ àwọn ọmọ tó ru omi, omi á dànù, ìkòkò á fọ́. Lọ́jọ́ tó fò mọ́ Baálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí Baálẹ̀ ṣubú yakata níwájú àwọn ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ di wàhálà.

Baálẹ̀ ní, "Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, tí ajá yìí ò bá gbọ́ 'jókòó' kó jókòó, ẹ̀yìn odò là ń mú un lọ."

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn odò? Àmọ̀tẹ́kùn ni! Màmá Àwẹ̀ró sunkún títí.

Ìjàpá gbọ́, ó dé. "Ẹ nu ojú yín, Màmá. Ta lẹ rò pé ó kọ́ àkùkọ bó ṣe ń kọ?"

"Kí lo máa gbà, Ìjàpá?"

"Èmi? Mi ò gba nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa dín àkàrà fún wa láràárọ̀. Bí ajá bá ṣe dáadáa, a fún un ní àkàrà. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni ẹ̀kọ́ á máa wọ̀ ọ́ lára."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn o. Ìjàpá mọ òótọ́, kò kàn fẹ́ ṣe é ni.

Màmá rẹ ẹ̀wà, ó bó o, ó lọ̀ ọ́, ó dín in. Ìjàpá mú Bópẹ́bóyá lọ sábẹ́ igi ọ̀dán. Ó na àkàrà sókè, ó dá orin. Ó yá, ẹ bá mi gbè é:

Bópẹ́bóyá, jókòó o!
*Jókòó jẹ́jẹ́.*
Àkàrà ń bẹ lọ́wọ́ mi,
*Jókòó jẹ́jẹ́.*
Ẹni jókòó ni yóò jẹ,
*Jókòó jẹ́jẹ́.*

Bópẹ́bóyá ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jókòó. Ó dúró, ó ń ju ìrù.

Ìjàpá ní, "Wò ó bí wọ́n ti ń ṣe é!" Ló bá jókòó pẹ̀ẹ́, ó la ẹnu, ó ju àkàrà sí i.

"Ọ̀gá, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ta? Níbo lo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ń ki ọwọ́ bọ àwo kí ọ̀gá rẹ̀ tó yó?"

Bópẹ́bóyá fà sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú yẹn nìyẹn: ọ̀gá á jẹ, ọmọ iṣẹ́ á dúró. Àmọ́ ìgbà wo ni Ìjàpá yó rí? Ó kọrin, ó jókòó, ó jẹ. Ó tún kọrin, ó jókòó, ó jẹ, títí abọ́ fi gbẹ. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀.

Bí Màmá bá béèrè, á ní, "Ẹ̀kọ́ ti ń wọlé, Màmá. Ẹ fi kún àkàrà." Á sì yíjú sí ajá: "Ọmọ iṣẹ́ tó bá tú àṣírí ọ̀gá, iṣẹ́ ò ní yẹ ẹ́ o."

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo ìlú pé síwájú ilé Baálẹ̀. Okùn ti wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Màmá Àwẹ̀ró gbé abọ́ àkàrà dání.

Baálẹ̀ mú àkàrà kan, ó nà án sókè. "Jókòó!"

Gbì! Ẹnì kan jókòó. Ìjàpá ni! Ó la ẹnu gbàgà, itọ́ ń dà. Ajá dúró, ó ń wò ó.

Ìjàpá fò dìde. "Ẹ má bínú, ẹsẹ̀ ló yẹ̀ mí."

"Jókòó!"

Gbì! Ìjàpá tún ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí rẹ̀ mú. "Ìdí mi, dúró! Má dójú tì mí lónìí!"

"Jókòó!"

Gbì!

Baálẹ̀ ní, "Bópẹ́bóyá, ta ló ń jẹ àkàrà?"

"Ọ̀gá mi ni, Baálẹ̀. Mo ń dúró kí wọ́n yó."

Ẹ̀rín sọ! Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Màmá Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ajá mi ò tíì fẹnu kan ẹ̀kọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí n fún un wò."

"Ó yá, Màmá."

Màmá bu àkàrà bíńtín. Ó gbé e sí ajá nímú, ó rọra gbé e sókè, ó gbé e kọjá lórí rẹ̀. Orí ajá ń tẹ̀ lé ọwọ́. Bí orí ṣe ń gòkè ni ìdí ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ìdí ṣe kanlẹ̀, Màmá ní, "Jókòó," ó sì fún un. "O ṣeun, ọkọ mi." Ó tún ṣe é. Nígbà tí Bópẹ́bóyá fò mọ́ ọn, kò nà án, kò bú u. Ó pa ọwọ́ dé, ó dúró. Oòrùn ń yí, ẹsẹ̀ ń ro àwọn èèyàn, Màmá ò kánjú.

Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ òfìfo sókè. "Jókòó."

Bópẹ́bóyá jókòó jẹ́jẹ́.

Hàà! Ìlú hó yèè! Màmá gbá ajá rẹ̀ mọ́ra, ó tún ń sunkún, ẹkún ayọ̀ wàyí. Baálẹ̀ ní, "Ẹ máa mú ajá yín lọ sílé, Màmá. Kí wọ́n fi okùn yẹn so ewúrẹ́."

Ìjàpá fẹ́ sá. Ìdí rẹ̀ kọ̀, kò gbéra nílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ nílẹ̀ títí dòní, tó bá sì gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, á fa orí wọlé nítorí ìtìjú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ọmọ ẹ̀kọ́, òun ni ẹ̀kọ́ yóò mọ́ lára. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ni, kó la ọwọ́, kó ní sùúrù, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ta ló ń sọ pé irọ́ ni? Tílẹ̀ bá mọ́, gbé àkàrà rẹ síta, kó o máa jẹ ẹ́. Wo bí ajá ilé yín yóò ṣe wá jókòó síwájú rẹ, tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ.