Àfi Ẹni Tó Máa Bá A Ṣe Páàdì

"Kà á! Mo ní kí o kà á, Akínlàbí! Ṣé ìka ọwọ́ mi ń bu èèyàn jẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí Dúró. Ilé ire ni wọ́n bí mi sí. A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á."

"Wọ́n bí ọ sílé ire, o wá ṣe páàdì burúkú fún mi!"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé ẹ mọ orí òwe yẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìrù rẹ̀ ni mo fẹ́ bi yín. Ní Òkè Ìtẹ̀wé, ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó, a kì í pa ààbọ̀ òwe náà. Báyìí la ṣe ń parí rẹ̀: "A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á, àfi ẹni tó máa bá a ṣe páàdì." Ṣé ẹ mọ ibi tí ìrù yẹn ti hù? Ẹ jókòó. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ jókòó, ẹ dúró gbọ́ ọ. Ìtàn kò ní torí ìyẹn gùn sí i.

Dúródọlá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Dúró, ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣíwọ́, ilé géèmù ni ẹ ó ti bá a. Kì í ṣe géèmù orí fóònù tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìka pa lójú o. Géèmù àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí, tí èèyàn á kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí nídìí kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Géèmù ìjà ni tirẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni orúkọ rẹ̀ ti wà lára ògiri ilé géèmù náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí ọkùnrin tó rí ẹ̀ṣẹ́ tí yóò fi pa á rẹ́.

Ẹ̀rọ ìgéwé ló ṣe ohun tí ọkùnrin kò lè ṣe. Ó gé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti di páàdì tí wọ́n fi ń ta géèmù mú rí sì mọ̀ pé àtàǹpàkò òsì ló ń darí ẹni inú géèmù síwájú, sẹ́yìn, sókè, sísàlẹ̀. Láìsí i, ńṣe ni ẹni náà yóò dúró bí òpó iná, tí wọn yóò máa lù ú.

Kí egbò tó jinná, Bọ̀sún, tó ti ń gba ipò kejì láti ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, ti lọ ra ọ̀dà. Ó ní bí Dúródọlá kò bá wá jà ní Sátidé ìparí oṣù, òun yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, òun yóò sì kọ tòun. Akọni ọkùnrin! Ẹ̀rọ ìgéwé ló kọ́kọ́ bá Dúródọlá jà, kí òun tó rántí pé òun náà ní ẹ̀ṣẹ́.

Ni Dúródọlá bá gbé páàdì rẹ̀ lọ bá Akínlàbí, atúnrédíòṣe kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà. Ó ní, "Ìka kan ti lọ lọ́wọ́ òsì mi. Bá mi tún un ṣe kí n lè máa fi èyí tó kù jà." Ó gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì. Akínlàbí, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó sì gbẹ̀kọ́, gbójú sókè, ó ń wo àjà. Àjà ló ń wò títí obìnrin náà fi lọ. Bí àjà bá ní ìka ni, ì bá mọ iye rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ ìka tó lọ fún un, òun náà kò sì béèrè. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọńdinrín ni yóò jẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́. Ó gbẹ́ igi kékeré kan mọ́ abẹ́ páàdì kí ibi tí ọmọńdinrín wà tẹ́lẹ̀ lè rí nǹkan fara tì, ó so iná pupa mẹ́ta mọ́ ọn, ó tún fi ọ̀dà góòlù kọ "Àǹtí" sí i lára. Ọmọńdinrín, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìka tó jẹ́ pé ńṣe ló ń bá àwọn yòókù rìn kiri lára páàdì! Kò sí ohun tí páàdì náà kò ní, àfi ìwúlò.

Ohun tó fa ariwo tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, ní Ọjọ́bọ̀ tí ìjà ku ọ̀túnla.

Dúródọlá na ọwọ́ òsì sí i nímú. "Ọmọ ilé ire, ẹni tó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni kò gbọdọ̀ kà á. Ìwọ tó máa bá mi ṣe páàdì ńkọ́? Télọ̀ wo ló ń tijú àyà oníbàárà, tó wá ń wọn ògiri?"

Akínlàbí sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ náà mú bí ẹni di ẹyin mú. "Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Ẹẹ́rin."

"Ṣé ilé ire ti wó báyìí?"

"Kò wó, mà." Ó tún wo ọwọ́ náà, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. "Àǹtí, ìka mẹ́rin ló kù. Ọ̀nà mẹ́rin náà ni ẹni inú géèmù ń gbà."

"Ó ti ń gbọ́n bọ̀," ni Dúródọlá wí.

Ó tẹ́ ọwọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó fi pẹ́ńsùlù fà á yípo. Ó tú páàdì, ó fi òjé jó wáyà gígùn mẹ́rin mọ́ ibi ìdarí, ó sì so ìkọ̀ọ̀kan mọ́ bọ́tìnnì áàgo ẹnu ọ̀nà. Ó to bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pákó bí ìka náà ṣe tò, ìka kan sí ọ̀nà kan. Páàdì fúnra rẹ̀ ni ó kàn mọ́ apá ọ̀tún, kí ọwọ́ ọ̀tún lè máa ju ẹ̀ṣẹ́ bó ṣe ń jù ú tẹ́lẹ̀. Iná pupa ńkọ́? Ó ti yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó yọ ọ́.

Ní Sátidé, ilé géèmù kún dẹ́nu. Bọ̀sún gbé agolo ọ̀dà rẹ̀ wá, ó rí pákó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dúró, ilé ta lo fẹ́ lọ tẹ áàgo?" Dúródọlá tẹ́ ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bọ́tìnnì. Bọ̀sún na ẹni inú géèmù Dúródọlá ní ìjà kìíní, torí ìka ṣì ń wá ọ̀nà. Ní ìjà kejì, ìka ti mọ ọ̀nà. Dúródọlá na ti Bọ̀sún. Ó wá ku ẹyọ kan tí yóò parí ọ̀rọ̀.

Bí àwọn àgbà Òkè Ìtẹ̀wé bá rí nọ́ọ̀sì tó ń tijú láti bi aláìsàn léèrè ibi tó ń dùn ún, tàbí ọmọ tó fẹ́ ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ wo ibi tí agbára bàbá ti ń tán, òwe yìí ni wọ́n máa ń pa fún un: ẹni tó máa wúlò fún èèyàn kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára àléébù rẹ̀. Ìjà kẹta ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ooru ti mú Bọ̀sún, ó yọjú wo orí pákó, ó ń kà á sókè pé, "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin! Ìka mẹ́rin ló ń yọ mí lẹ́nu yìí?" Dúródọlá kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á, Bọ̀sún, àfi ẹni tó máa bá a ṣe páàdì. Ṣé ìwọ lo bá mi ṣe é?" Ìfábẹ̀lá òsì tẹ áàgo iwájú, àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ẹ̀ṣẹ́, ẹni Bọ̀sún sì fò sókè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà.